Ọmọ Tó Lọ Wá Iná

Ekinrin-Adde,
Lọ́nà Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
11 Oṣù Kìíní, 1993.

Ọláníran ọmọ mi,

Okun o. Okun ọ̀nà jíjìn, okun òtútù, okun àìráyè kọ̀wé. Ìyá rẹ kí ọ, Agatha àbúrò rẹ kí ọ, gbogbo ilé kí ọ. A wà láàyè, bí o bá fẹ́ mọ̀.

Oṣù méje gbáko ni Agatha fi ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kàbà nítorí rẹ. Ó lọ títí tí akọ̀wé ibẹ̀ fi ń bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ló sá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá gbé páálí kan dé. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi ti rántí pé tíṣà ló bí òun. A tú páálí, ìwé àwòrán ló wà níbẹ̀, ó nípọn bí búrẹ́dì, kò sì sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ, ọmọ tèmi wá ń fi àwòrán kí mi.

Mo ṣí ìwé náà, mo rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Sálíù àbúrò mi ní kò yani lẹ́nu, pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ka ìwé kéú, ó sì ń fi ìka tọ àwòrán láti ọ̀tún wá sí òsì bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Ohun tí àwa méjèèjì rí ni pé ọmọdékùnrin kan dìde nílé baba rẹ̀, ó gbé ìkòkò kékeré dání, ó ń lọ. Níbo ló ń lọ? Kí ló wà nínú ìkòkò? Ìwọ tí o fi ránṣẹ́ ni kí o kà á fún mi.

Ṣùgbọ́n sọ tìrẹ ná. Oṣù tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀ ni o lọ, o ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ni o ń lọ. Láti ìgbà náà, fáìlì àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ti kúrò ní Ìlọrin, kò tíì dé Lọ́kọ́jà, a ò mọ ibi tó sùn sí lọ́nà. Má ṣe bíi fáìlì. Ọdẹ kì í sì í lọ sígbó kó wá ru ewé bọ̀ wálé. Mo sọ tèmi.

Bàbá rẹ,
Ọbayẹmí.


Kawaguchi, Saitama,
Ilẹ̀ Jàpáánù.
27 Oṣù Kejì, 1993.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí Ìyá mi, mo kí Agatha. Ẹ má bínú sí mi. Mo ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, mo ń ya á, nítorí mi ò mọ bí n óò ṣe sọ ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò sí, Bàbá. Ẹni tó bá wa ṣe ìwé ìrìnnà ní Èkó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó wọ bàálù. Ibi tí mo wà ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ìwé pọ̀. Bébà á dé ní kíká, èmi á tì í sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn á gé etí rẹ̀ kó dọ́gba, n óò wá dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìwé tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, àti ọmọdé àti òṣìṣẹ́ báńkì ló ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe níhìn-ín tí mo lè fi hàn yín ni, ìdí nìyẹn tí mo fi rán an.

Ọ̀nà Òkè Iná ni wọ́n ń pe ìtàn náà. Ìyá arúgbó kan tó ń to ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń fi ọwọ́ àti ojú ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, èmi náà sì ti ń gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀. Tokuji ni orúkọ ọmọ náà. Gbogbo iná ìlú wọn ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó tún ràn. Àwọn àgbà ní iná kù sí orí òkè kan ní òpin ayé, níbi tí oòrùn ń sùn. Bàbá Tokuji, alágbẹ̀dẹ ni, ló yẹ kó lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún, ni ọmọ bá gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Òfìfo ni ìkòkò náà, Bàbá. Ẹ̀yinná ló fẹ́ fi bù wá.

Ó dé ẹnu-ọ̀nà àkọ́kọ́, ó bá aṣọ́nà kan tí kò lójú. Aṣọ́nà ní kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kọjá. Ó fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tó bá yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é nínú ìwé yẹn, àyè funfun ni wọ́n ń fi síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Ekinrin-Adde,
18 Oṣù Kẹrin, 1993.

Ọláníran,

Okun o, okun iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ti ilé-ẹ̀kọ́ yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́. Gbogbo Ekinrin ni mo ti sọ fún pé ẹ̀rọ ni ọmọ mi ń kọ́. Mi ò tíì lọ sọ fún wọn pé ẹnu ẹ̀rọ ló ń ti bébà sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń gbé mi lọ́kàn. Nílẹ̀ yìí, bí ọ̀rọ̀ bá burú, a kì í rán an jáde ní ìhòòhò, ìtàn la fi ń wé e. Nígbà tí ilé ìyá rẹ àgbà jó, ọmọ tí wọ́n rán sí mi níléèwé, àlọ́ ìjàpá ló kọ́kọ́ pa fún mi, mo sì ti ń wọ bàtà mi kó tó pa á tán. Nítorí náà mo bi ọ́: ta ló gba orúkọ rẹ?

Bàbá bàbá mi, Olúbọ̀dé, oko ni àwọn Tápà ti jí i gbé. Wọ́n mú un lọ sí Bídà, wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn, ó sin wọ́n fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó ráyè sá, ó rìn títí ó fi dé ẹsẹ̀ òkè tí àwọn ènìyàn wa sá pamọ́ sí. Wọ́n bi í pé ta ni. Kò rántí orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti fẹ́ ta á lọ́fà. Ìyá rẹ̀ ló yọjú tó pè é ní Olúbọ̀dé. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ẹni tó bá lọ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò pè é lórúkọ nílé, kó sì padà nígbà tí onítọ̀hún ṣì wà.

Mo ti pa ìtàn ọmọ náà fún Sálíù àti àwọn tó ń bá wa jókòó nírọ̀lẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Kí ló ṣe ní ẹnu-ọ̀nà kejì?

Bàbá rẹ,
Ọbayẹmí.


Kawaguchi,
6 Oṣù Kẹfà, 1993.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko.

Ẹ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Philip ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Philip ló ni ìwé tí mo fi wọṣẹ́, ọmọ Gánà ni, ó ti kúrò nílùú yìí. Bí wọ́n bá pe Philip, mo ti ń dáhùn kí n tó rántí pé èmi kọ́. Ìwé ìgbélùú tèmi ti parí láti ọdún tó kọjá. Bí mo bá fi ibí sílẹ̀, mi ò ní lè wọlé síbí mọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì wá.

Ẹnu-ọ̀nà kejì nìyí. Odò kan ni, obìnrin kan ló jókòó tì í. Ipa ẹsẹ̀ ọmọ náà ló bèèrè. Bí obìnrin náà ti gbà á, ọmọ náà wo ẹ̀yìn, kò rí ọ̀nà tó gbà wá mọ́, koríko ti bò ó. Ìyá arúgbó tó ń to ìwé lu ẹ̀yìn ọwọ́ mi nígbà tó rí i pé mo dúró lórí ojú ìwé yẹn, ẹ̀rọ sì ń dúró dè mí.

Bàbá, ọ̀rọ̀ ewé tí ẹ sọ kò kúrò létí mi. Ẹ̀ ń pè mí wálé, ẹ sì ti sọ pé ẹni tó ru ewé kó má wá. Ewé náà ni mo ní. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Ekinrin-Adde,
2 Oṣù Kẹsàn-án, 1993.

Ọláníran ọmọ mi,

Okun o. O ó rí i lára ìwé yìí pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, èmi tí mo máa ń fa ìlà sábẹ́ ìwé ọmọ tó bá kọ ọ́ wọ́. Ẹsẹ̀ mi ti wú dé orúnkún. Dọ́kítà ní Kàbà ní ohun tó ń ṣe mí kò sí lẹ́sẹ̀, inú ló wà. Ó pe Agatha sí ìta láti sọ ìyókù fún un ní gẹ̀ẹ́sì, kí tíṣà má baà gbọ́.

Ẹyin lohùn, mo jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ewé tí mo sọ, mo kó o jẹ. Máa bọ̀. Bó bá jẹ́ ewé ni o rù, ìyá rẹ ń ta ẹ̀kọ, ewé wúlò nílé yìí.

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ nìkan sì ni ọmọkùnrin tí mo ní. Mo fẹ́ fi ojú kàn ọ́, lẹ́yìn náà mo fẹ́ kí ìwọ bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ lé mi. Mo sọ ọ́ jáde báyìí, mi ò fi ìtàn kankan wé e. Ìlú ti dàrú láti ìgbà tí wọ́n ti fagi lé ìbò, àwọn ọmọ àwọn ẹlòmíràn ń sá lọ, èmi ní kí tèmi máa bọ̀.

Níbo ni ọmọ yẹn dé? Bí o bá lè bá a sọ̀rọ̀, sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní kó padà. Iná ìlú, ẹlòmíràn á lọ wá a.

Bàbá rẹ,
Ọbayẹmí.


Kawaguchi,
14 Oṣù Kọkànlá, 1993.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo gba lẹ́tà yín, mo sì rí bí ìlà rẹ̀ ṣe wọ́. Mo sunkún sí i ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í pe Philip.

Ẹ lo oògùn yín. Ẹ jẹ́ kí Agatha máa gbé yín lọ sí Kàbà. Ẹ fún mi di ìgbà iṣu tuntun. Mi ò lè wọ ìlú báyìí, Bàbá. Ó ti lé lọ́dún méjì, báàgì kan ni mo gbé wá, báàgì náà ni mo ṣì ní. Àwọn ẹgbẹ́ mi yóò wá kí mi, kí ni n óò nà sí wọn? Ẹ̀yin kó ọ̀rọ̀ náà jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ìlú.

Ọmọ náà ti dé ẹnu-ọ̀nà kẹta. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀: ìṣísẹ̀ kan, ọdún kan. Ó ń rí iná náà lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, pupa lórí òkè. Ẹni tó ti rìn dé ibi tó ti ń rí iná, ṣé yóò padà? Ó ń lọ síwájú. Ẹ sọ fún Bàbá Sálíù pé ó kù díẹ̀.

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Ekinrin-Adde,
20 Oṣù Kìíní, 1994.

Ọláníran ọkọ mi,

Okun o. Okun òtútù, okun ọdún tuntun. Ìyá rẹ ni, Agatha ló ń bá mi kọ ọ́. Bàbá rẹ kò lè kọ̀wé mọ́. Lẹ́tà rẹ dé, Agatha kà á fún un, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń jẹ ohun gbígbóná láàárọ̀ kí o tó jáde? Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, kí o dá mi lóhùn kíákíá. Ta ló wà nítòsí rẹ lára àwọn ènìyàn wa? Kì í ṣe ọmọdé bíi tìrẹ ni mo ń wí o. Àgbà ni, ẹni tó ti bímọ, tó lè jókòó ti ènìyàn. Kò pọn dandan kó jẹ́ ará Ekinrin. Bó bá jẹ́ ará Ìyàrá tàbí Mọ́pà, ó tó. Kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé ránṣẹ́ sí wa.

Má dá gbé. Mo bẹ̀ ọ́, má dá gbé lásìkò yìí.

Ìyá rẹ,
Sarah.


Kawaguchi,
13 Oṣù Kẹta, 1994.

Bàbá mi, Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì.

Ìyá mi, mo mọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ fẹ́ rí ẹni tí yóò máa ṣọ́ mi, tí yóò máa kọ̀wé sí yín bóyá mo ń mutí, bóyá mo ti gbé obìnrin kan sílé. Mi ò mutí, mi ò sì gbé ẹnikẹ́ni sílé. Kò sí àgbà wa kankan nítòsí mi. Bó bá tilẹ̀ wà, mi ò ní fi ibi tó ń gbé ránṣẹ́. Mo ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n dá gbé ní àlàáfíà.

Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Bí ẹ kò bá lè kọ lẹ́tà, ẹ fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ ná. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yín nìkan, Ọba, kí ọwọ́ gbọ̀n bó bá ti lè gbọ̀n, n óò dá a mọ̀. Àbí ẹ ń bínú sí mi ni? Ọmọ náà ṣì wà lọ́nà òkè. Irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀. Mo ń retí ohun tí ẹ máa sọ sí i, ẹ kì í dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Ekinrin-Adde,
9 Oṣù Karùn-ún, 1994.

Ọláníran,

Okun o. O bá mi wí, mo gbà. Kò sí ohun tí ọmọ ò lè sọ sí ìyá rẹ̀ nínú ìwé.

Ọwọ́ bàbá rẹ kò ká bírò mọ́, má bèèrè ìyẹn mọ́. Lẹ́tà rẹ, a kà á fún un níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Agatha ló kà á, ó pariwo rẹ̀ dáadáa kó lè gbọ́. Kò sọ nǹkan kan.

Ìyá kan láti Ogidi tó ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi sọ pé ọmọ òun wà nílẹ̀ Jàpáánù níbẹ̀, Ọlánípẹ̀kun ni orúkọ rẹ̀, ó ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì sílé. Ó ní ìlú tó wà ń jẹ́ Ọ̀sákà. Àwa ti kọ̀wé sí i fúnra wa. Bó bá wá bá ọ, má lé e. Gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí ẹ jẹun, kí o sì fetí sí ohunkóhun tó bá sọ. Nítorí Ọlọ́run, Ọláníran, má lé e.

Ìyá rẹ,
Sarah.


Kawaguchi,
3 Oṣù Keje, 1994.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní dìde títí ẹ ó fi gbọ́ mi tán. Ẹ kú ìdùbúlẹ̀, ẹ kú ìfaradà. Kò sí ẹnì kankan láti Ọ̀sákà tó wá bá mi.

Mo ti mọ ìdí tí ẹ kò fi sọ nǹkan kan. Níléèwé, bí ọmọ bá purọ́ fún yín, ẹ kì í nà án. Ẹ óò kàn dákẹ́ sí i títí yóò fi wá jẹ́wọ́. Mo rí i tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ṣọlápé ọmọ Bàbá Sálíù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Oṣù mẹ́wàá rèé tí mi ò rí ọwọ́ yín. Ẹ ti mọ̀ pé mo purọ́, ẹ sì ń dúró dè mí. Mo wá jẹ́wọ́.

Ọmọ yẹn kò dé ẹnu-ọ̀nà kẹta rí. Èmi ni mo ṣe ẹnu-ọ̀nà kẹta, irun funfun, àti iná pupa lọ́ọ̀ọ́kán. Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni ó ti yí padà, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ kọ̀wé sí mi pé kí n máa bọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi di ìwé náà. Obìnrin etí odò ló bu omi sínú ìkòkò, ó ní kó wo inú rẹ̀, ó sì rí bàbá rẹ̀ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó ń fetí sílẹ̀. Kò dúró gba ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ó da omi náà nù, ó ń sá lọ sílé nínú koríko láìmọ ọ̀nà.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín ní oṣù Kọkànlá, ó ti délé. Mo ti rí i. Ó dé, ó bá ẹnu ọ̀nà ní òfìfo. Wọ́n ti sin bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fọ agbada, kò gbójú sókè, nítorí kò sí orúkọ tí yóò fi pè é. Ìkòkò òfìfo ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń to ìwé bú sẹ́kún, àwọn yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èmi sì ń dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo ní kò sí bí mo ṣe lè kọ ọ́ sí bàbá mi tó ń ṣàìsàn. Mo sọ fún ara mi pé bó bá ṣì ń lọ nínú lẹ́tà mi, ẹ̀yin náà á máa dúró gbọ́ ìyókù. Ẹ dárí jì mí. Yàtọ̀ sí pé mo ń rò ti àìsàn yín, ojú tì mí. Ọmọ inú ìwé yí padà lọ́wọ́ òfo, èmi kò lè yí padà.

Mo ń bọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, n óò fi ẹsẹ̀ mi lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ ìwé ìrìnnà, n óò sọ orúkọ mi fún wọn, Ọláníran Ọbayẹmí. Wọ́n ní ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wá, wọn kì í pẹ́ dá a padà sílé. Báàgì kan náà ni n óò gbé bọ̀. Ẹ máa mí títí n óò fi dé, Bàbá. Ẹ má tíì bá mi sọ̀rọ̀ bó bá ń dùn yín, ẹ ṣáà máa mí. Mò ń sáré bọ̀.

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Ekinrin-Adde,
8 Oṣù Kẹjọ, 1994.

Ọláníran ọkọ mi,

Okun o. Okun ìrìn. Agatha ló ń kọ ọ́, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Sátidé. Mo gbọ́ ọ dé òpin. Ohun tí mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún ọ láti ìgbà Kérésì, ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ wá bá mi. Bó ṣe rí nínú ìwé yẹn ló rí nílé.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá ni. Lẹ́tà rẹ ti ẹnu-ọ̀nà kẹta ti dé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Agatha kà á fún un, ó ní kó tún un kà. Nígbà tó tún un kà tán, bàbá rẹ ní, "Ó jìnnà ju ibi tí mo rò lọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Kò bínú sí ọ. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi gbé nílé rẹ̀, bó bá ń bínú, mo máa ń mọ̀.

Nílẹ̀ wa, a kì í fi bébà túfọ̀. Ẹni tí yóò túfọ̀ fún ọmọ tó wà lájò gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbà, yóò jẹ́ kó jẹun, yóò jókòó tì í, yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó la ẹnu. Ohun tí mo ń bèèrè àwọn ènìyàn wa fún nìyẹn, tí o rò pé mo fẹ́ ṣọ́ ọ. Ọlánípẹ̀kun ti gbà láti wá. Ìyá rẹ̀ sọ pé ọlọ́pàá ibẹ̀ ti mú un kó tó wá. A kò sì purọ́ fún ọ. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí náà, lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kọfí, ibẹ̀ ni Agatha ti ń ka lẹ́tà rẹ fún un.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, wọ́n ní kí àkọ́bí wá bu yẹ̀pẹ̀. Gbogbo ènìyàn dúró. Bàbá Sálíù fẹ́ jáde, mo dì í láṣọ mú. Agatha ló lọ, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ní, "Ti Ọláníran nìyí," ó wá padà bu tirẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó bá òfin mu. Mi ò lè jẹ́ kí àyè rẹ ṣófo.

Mi ò mọ ibi tí lẹ́tà yìí yóò ti bá ọ. Bó bá bá ọ níbẹ̀, má sáré mọ́, ọmọ mi. Jókòó. Jẹun.

Ṣùgbọ́n bí o bá ti kúrò, kò ní bá ọ. Àwọn elépo ń yanṣẹ́ lódì, ọkọ̀ láti Èkó kò ní àkókò mọ́, ó lè dé láàárọ̀, ó lè dé nírọ̀lẹ́. Láti àná ni èmi àti Agatha ti ń lọ jókòó ní gáréèjì Kàbà. Bí mo bá lọ sí ilé ìwẹ̀, òun á dúró. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ mọ ojú rẹ, ọ̀pọ̀ wọn ni bàbá rẹ kọ́ níléèwé. Bí wọ́n bá rí ọ, wọ́n á sáré wá kí ọ kú ara fẹ́ra kù, kí o tó mọ ohun tí wọ́n ń kí ọ fún. Mo ti bẹ̀ wọ́n kálukú, ṣùgbọ́n ẹnu ènìyàn kò ṣeé dì. Nítorí náà a ò ní kúrò níbẹ̀.

Bí o bá sọ̀kalẹ̀ tí o rí mi, má bi mí léèrè bàbá rẹ níbẹ̀. Gbé báàgì rẹ sílẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ mú.

Ìyá rẹ,
Sarah.